Níbo Ni A Ti Ń Ka Orí? Ọ̀rọ̀ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Ní Ọdún 1962

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí wọ́n ń múra ìdánwò àṣekágbá: ta ni Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 1962? Àwọn kan a ní Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ni. Àwọn mìíràn a ní Alhaji Dáúdà Ṣóròyè Adégbẹ́nró ni. Ní sáà tí ó kọjá, ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dìde, ó ní, ‘Ẹ jọ̀wọ́ sà, ó di ọwọ́ ilé ẹjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tirẹ̀.’ Òun ni ó gbà á. Ète mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí ìbéèrè kan ṣoṣo ṣe lè ní ìdáhùn méjì tí òfin fọwọ́ sí, kí a sì ti ibẹ̀ mọ bí irú ìjọba tí a ń ṣe ní ilẹ̀ yìí láti ọdún 1954 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1966 ti ń ṣiṣẹ́, àti ibi tí okùn rẹ̀ ti já.

Onípánù ni mo ń gbé, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Lójú ọmọ ìsinsìnyí, Onípánù kò yàtọ̀ sí àdúgbò mìíràn ní Èkó. Ọ̀nà Ìkòròdú là á kọjá, Ṣómólú àti Bàrígà wà nítòsí rẹ̀, Yaba kò sì jìnnà sí i rárá; ẹni tí ara rẹ̀ bá le lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ṣùgbọ́n títí di ọdún 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ààlà ìjọba wà láàrin Onípánù àti Yaba. Ìwé òfin ọdún 1954, èyí tí ó sọ Nàìjíríà di ìjọba àpapọ̀, yọ ìlú Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì fi í sí abẹ́ Ìjọba Àpapọ̀. Yaba bá Èkó lọ. Mushin, Ṣómólú, Bàrígà, Onípánù àti Ìkẹjà kù sí abẹ́ Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá kúrò ní Onípánù ní òwúrọ̀ láti lọ tajà ní Yaba ti kúrò lábẹ́ ìjọba kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn kí oòrùn tó mú.

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá bi mí ní ohun tí à ń pè ní ìjọba àpapọ̀, ààlà yìí ni mo máa ń fi hàn wọ́n. Owó tí ará Onípánù ń ná, lẹ́tà tí ó ń fi ránṣẹ́, ológun tí ó ń ṣọ́ ẹnu ibodè ilẹ̀ wa, ti Ìjọba Àpapọ̀ ni gbogbo wọn. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ọmọ rẹ̀ wọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, Ìbàdàn ni àṣẹ rẹ̀ ti wá. Nítorí náà ó ń dìbò fún ẹni tí yóò lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn, ó sì tún ń dìbò fún ẹni tí yóò lọ sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Èkó. Ará Yaba kò ní aṣojú kankan ní Ìbàdàn; bí ìjọba ibẹ̀ bá dára, bí ó bá bàjẹ́, ó ń wò ó láti òkèèrè ni.

Ìlànà ìjọba tí a gbà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà yàtọ̀ gidigidi sí èyí tí àwọn ọmọ wa mọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń ti kọsẹ̀ nínú ìdánwò. Ìwé òfin ọdún 1979 ni ó mú un wá pé kí ará ìlú fúnra wọn dìbò yan Ààrẹ àti gómìnà. Ti ọdún 1999 sì tẹ̀lé e. Ní ìgbà tí à ń sọ yìí, kò sí ará ìlú tí ó dìbò yan Olórí Ìjọba. Àgbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan yan ọmọ ilé kan. Ẹni tí ó bá hàn pé àwọn tí ó pọ̀ jù nínú ilé wà lẹ́yìn rẹ̀ ni Gómìnà ń ké sí pé kí ó wá ṣe ìjọba. Gómìnà ìgbà náà pàápàá kì í ṣe irú ti òde òní. Aṣojú Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ni, ó wà fún iyì àti ètò. Olórí Ìjọba ni ó ni iṣẹ́, òun àti àwọn mínísítà rẹ̀, wọ́n sì ń jókòó nínú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn alátakò tí ń bi wọ́n ní ìbéèrè ní ojúkorojú.

Ọjọ́ tí iye orí tí ó wà lẹ́yìn Olórí Ìjọba kò bá ju ìdajì ilé lọ mọ́, ọjọ́ náà ni ipò rẹ̀ mì, ìbáà jẹ́ oṣù kan ni ó tíì lò níbẹ̀. Kò di ìgbà tí ó bá jalè tàbí tí ó bá rú òfin. Ó lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, kí ó sì lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìlànà náà nìyí, nítorí kò jẹ́ kí aláṣẹ sùn fọnfọn. Ṣùgbọ́n bí ipò ènìyàn bá dúró lórí iye orí, ó di dandan kí gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí yóò ka orí náà, kí wọ́n sì mọ ibi tí yóò ti kà á.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1959, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ipò Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, ó lọ du ti àpapọ̀. Nínú àga 312 tí ó wà ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, ẹgbẹ́ NPC ti Àríwá gba 134, NCNC tí àwa ń pè ní Alákùkọ pẹ̀lú NEPU gba 89, Action Group tí í ṣe ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ gba 73; àwọn yòókù pín èyí tí ó kù. Orí 157 ni ó yẹ kí ènìyàn ní kí ó tó lè dá ìjọba ṣe. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó ní i. NPC àti Alákùkọ bá parapọ̀, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa ń bá ipò Olórí Ìjọba Àpapọ̀ lọ, Awólọ́wọ̀ sì di olórí alátakò. Akíntọ́lá tí ó jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ni ó bọ́ sí ipò ní Ìbàdàn.

Ẹ kíyèsí i bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Olórí ẹgbẹ́ kò sí nínú ilé Ìbàdàn; ẹni tí ó sì jẹ́ olórí ìjọba ní Ìbàdàn kì í ṣe olórí ẹgbẹ́. Ta ni yóò pàṣẹ fún èkejì? A ti kọ ìwé púpọ̀ lórí ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn méjèèjì. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ owó ni, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ bíbá NPC ṣe ni, àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ìlara lásán ni. N kò fẹ́ dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ohun tí ó kàn wá ni pé ìjà náà hàn sí gbogbo ayé ní ìpàdé ńlá tí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ṣe ní Jos ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1962, àti pé nígbà tí ó di ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà ní kí Akíntọ́lá kọ̀wé fi ipò sílẹ̀.

Akíntọ́lá kọ̀. Ó ní kí Gómìnà tú ilé ká kí ará ìlú wá dìbò tuntun. Gómìnà náà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni ti Ifẹ̀, kò gbà. Ìwé kan dé ọwọ́ Ọba náà, tí ọmọ ilé 66 nínú 124 buwọ́ lù, pé àwọn kò sí lẹ́yìn Akíntọ́lá mọ́. Ẹni tí ó mọ ìṣirò yóò rí i pé 63 ti tó. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, Gómìnà yọ Akíntọ́lá kúrò, ó sì fi Adégbẹ́nró, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ti ṣe mínísítà, sí ipò rẹ̀. Akíntọ́lá gba ilé ẹjọ́ gíga Ìbàdàn lọ. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé ìwé tí a buwọ́ lù nínú yàrá kì í ṣe ìbò. Inú ilé aṣòfin, níwájú Abẹnugan, ni ó yẹ kí a ti ka orí.

A fẹ́ kà á níbẹ̀ lóòótọ́. Ọjọ́ 25 oṣù náà ni a pe ilé jọ kí ó wá sọ bóyá ó ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ìjọba Adégbẹ́nró. Bí wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ariwo ta. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá dìde, àga ń fò, a fọ́ ọ̀pá àṣẹ ilé, àwọn ọlọ́pàá sì da tajútajú sílẹ̀ kí wọ́n tó lè lé àwọn ọlọ́lá jáde. A gbà wọ́n padà wọlé ní ọjọ́ kan náà. Ìjà tún bẹ́. Kò sí ẹni tí ó ka orí kankan. Àwọn àgbàlagbà tí ó bá ń rẹ́rìn-ín sí ìtàn yìí, mo máa ń rò pé wọ́n ń fojú kéré ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìhà méjèèjì ì bá fi gba èsì, tí kò ní í sí àwíjàre, ni a dí pa ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí ó sì ń sọ pé inú ilé ni kí a ti ka orí, àwọn èèyàn rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ ìjà tí kò jẹ́ kí a kà á.

Níhìn-ín ni agbára ìjọba àpapọ̀ ti jáde. Balewa pe ilé aṣòfin àpapọ̀ jọ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ilé náà kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn, a gba àṣẹ lọ́wọ́ Gómìnà, lọ́wọ́ Olórí Ìjọba àti lọ́wọ́ àwọn mínísítà, a sì fi í lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́: Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, mínísítà ètò ìlera ní ìjọba àpapọ̀. Títí di ìparí ọdún 1962, ará Onípánù wà lábẹ́ alákòóso tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn sí Ìbàdàn, nígbà tí ará Yaba ń bá ayé rẹ̀ lọ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé àwọn tí ó dìbò fún ìkéde náà ní Èkó, ẹgbẹ́ méjì tí ó ń bá ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ du ìjọba ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Òfin fún wọn ní àyè. Bóyá ìjà inú gbọ̀ngàn kan tó ohun tí à ń torí rẹ̀ gba ìjọba ẹkùn kan, èmi kò rò bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ náà ń lọ ní tirẹ̀. Ilé ẹjọ́ Ìbàdàn gbé e ránṣẹ́ sí Ilé Ẹjọ́ Àpapọ̀ Tó Ga Jù Lọ ní Èkó, èyí tí Adájọ́ Àgbà Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá jẹ́ olórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1962, ọ̀pọ̀ nínú àwọn adájọ́ náà dá Akíntọ́lá láre: Gómìnà kò lágbára láti yọ Olórí Ìjọba àfi bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ni ó fi hàn pé àwọn ọmọ ilé kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Adájọ́ Brett nìkan ni kò bá wọn lọ sí ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba pàjáwìrì parí, Akíntọ́lá padà sí ipò ní ọjọ́ kìíní ọdún 1963, pẹ̀lú ẹgbẹ́ tuntun tí ó dá sílẹ̀ àti àwọn Alákùkọ tí ó bá a ṣe é. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró sí nínú ìwé ìdáhùn wọn.

Kò parí síbẹ̀. Adégbẹ́nró gbé ẹjọ́ náà lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí ibẹ̀ ni òpin ẹjọ́ wa wà nígbà náà. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ ka ìwé òfin Ìwọ̀-Oòrùn bí a ti kọ ọ́. Òfin náà ní Gómìnà kò gbọdọ̀ yọ Olórí Ìjọba àfi bí ó bá hàn sí i pé àwọn tí ó pọ̀ jù nínú ilé kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. ‘Bí ó bá hàn sí i’: òfin kò sọ ibi tí yóò ti hàn. Ó lè hàn nínú ilé, ó lè hàn nínú ìwé. Pé àṣà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni kí a kà á nínú ilé kò sọ ọ́ di òfin fún àwa tí a ti kọ òfin tiwa sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1963, wọ́n dá Adégbẹ́nró láre. Èyí fi hàn pé òun ni Olórí Ìjọba tí òfin mọ̀ láti ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún tí ó ṣáájú.

Adégbẹ́nró jàre, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan mú bọ̀. Kíá ni ilé aṣòfin Ìbàdàn, tí ó ti wà lọ́wọ́ Akíntọ́lá, tún ìwé òfin ṣe pé ìbò inú ilé nìkan ni a lè fi yọ Olórí Ìjọba, wọ́n sì mú ìbẹ̀rẹ̀ agbára òfin náà padà sẹ́yìn sí oṣù kẹwàá ọdún 1960. Ilé aṣòfin àpapọ̀ fọwọ́ sí i. Òfin tí a ṣe ní ọdún 1963 bẹ̀rẹ̀ sí í darí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1962. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1963 tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba mọ́, a fòpin sí gbígbé ẹjọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí náà, lójú Ilé Ẹjọ́ Àpapọ̀, Akíntọ́lá ni. Lójú Privy Council, Adégbẹ́nró ni. Lójú òfin àtúnṣe, Akíntọ́lá ni. Ọmọ kíláàsì mi mọ ohun tí ó ń sọ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ni ní Yorùbá yóò ti máa rántí Ọ̀yọ́. Nígbà tí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ Aláàfin, Baṣọ̀run a gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ fún un, kò sì sí Aláàfin tí ó bi wọ́n léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. N kò sọ pé ètò náà sàn jù. Ikú ni ó wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì kan ni, ẹni tí ó gbé e wá àti ẹni tí a gbé e fún sì mọ̀ ọ́n bákan náà. Ní ọdún 1962, ìwé tí ọmọ ilé 66 buwọ́ lù jẹ́ àmì lójú ìhà kan, kò ju tákàdá lọ lójú ìhà kejì.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó ń ṣe irú ìjọba yìí ti kọ́ ẹ̀kọ́ lára wa, àwọn ọmọ wa kò sì mọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1966, Gómìnà Sarawak ní ilẹ̀ Màléṣíà yọ olórí ìjọba ibẹ̀, Stephen Kalong Ningkan, nítorí lẹ́tà tí 21 nínú àwọn ọmọ ilé 42 buwọ́ lù. A ka ẹjọ́ Adégbẹ́nró àti Akíntọ́lá fún adájọ́ ibẹ̀; ó ní ti Sarawak yàtọ̀, inú ilé ni kí wọ́n ti dìbò, ó sì dá Ningkan padà. Nígbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Perak ní ọdún 2009, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Màléṣíà tẹ̀lé ti Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2010: kò pọn dandan kí ó jẹ́ inú ilé. Ní Íńdíà, ọ̀nà kejì ni wọ́n gbà. Nínú ẹjọ́ S. R. Bommai ní ọdún 1994, ilé ẹjọ́ wọn tí ó ga jù sọ pé inú ilé aṣòfin ni a ti ń dán iye orí wò, kì í ṣe inú yàrá gómìnà. Orúkọ ọmọ Ẹ̀gbá àti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń dún ní ilé ẹjọ́ Màléṣíà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá lásán ni.

Èyí tí ó kù, ẹkún ni. A tú ilé Ìwọ̀-Oòrùn dé orí ìdìbò ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965, láàrin ẹgbẹ́ Dẹ́mọ ti Akíntọ́lá àti àwọn Ọlọ́pẹ pẹ̀lú Alákùkọ tí wọ́n ti padà wá di ọ̀rẹ́. Kí ó tó di ọjọ́ ìbò, a ti kéde àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Dẹ́mọ kan pé wọn kò ní alátakò. Nígbà tí a dì í tán, ìhà kọ̀ọ̀kan kéde èsì tirẹ̀. Ará Onípánù àti ará Mushin wà lára àwọn tí ó dìbò náà. Ará Yaba kò sí níbẹ̀. Wẹ́tìẹ̀ bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé, sí mọ́tò, sí ènìyàn, Mushin sì wà lára ibi tí iná náà ti jó jù. Balewa tí ó kéde ìjọba pàjáwìrì nítorí àga tí a jù nínú gbọ̀ngàn kò kéde rẹ̀ nígbà tí odidi ẹkùn ń jó. Akíntọ́lá ni ó ń bá a ṣe ní àkókò yìí. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun pa àwọn méjèèjì, ìjọba aṣòfin sì tán ní ilẹ̀ wa.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ àtijọ́ yìí kalẹ̀ kò jìnnà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ọgọ́ta nínú àwọn ọmọ Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá gbé àbá jáde pé kí Nàìjíríà padà sí irú ìjọba yìí ní ọdún 2031. Wọ́n ní ìnáwó rẹ̀ kò pọ̀ tó ti ìjọba Ààrẹ, àti pé aláṣẹ yóò máa dáhùn ìbéèrè lójú gbogbo ènìyàn. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá di òfin lọ́jọ́ kan, tí ìwé rẹ̀ sì tẹ̀ mí lọ́wọ́, n kò ní kọ́kọ́ ka ibi tí ó sọ bí a ó ti yan Olórí Ìjọba. Ibi tí ó sọ bí a ó ti yọ ọ́ ni n óò kọ́kọ́ ṣí, kí n wò ó bóyá gbólóhùn ‘bí ó bá hàn sí i’ tún wà níbẹ̀.